Ọkàn Wa àti Àrùn Ìtọ̀ Ṣúgà

 

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa ní Adidogomé tó ń ta àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà Kpalimé. Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ṣáá. A kò ní tíì kọ ìlà méjì tán tí yóò ti dìde lọ tọ̀. Bí ó bá wọlé, omi ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní ooru ni. Èmi náà gbà pé ooru ni, nítorí oòrùn Lomé kò ṣeé fi ṣeré. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ìgbà tí egbò kékeré ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jinná fún oṣù méjì ni a tó mú un lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìtọ̀ ṣúgà ni.

Dókítà tún yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Èyí yà á lẹ́nu. Ó bi mí pé, "Tíṣà, kí ló kan ọkàn nínú ọ̀rọ̀ ṣúgà?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo lọ bèèrè, mo sì kàwé. Ohun tí mo rí nìyí.

Gbogbo wa mọ̀ pé ọkàn ní í ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ó ní yàrá mẹ́rin: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ní ọdún 1981, ní ìlú Kingston ní Kánádà, Adolfo de Bold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú yàrá òkè ọkàn eku, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì fi omi rẹ̀ gún eku mìíràn ní abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ rárá tí eku náà fi ń tọ̀ gan-an, tí iyọ̀ púpọ̀ sì ń bá ìtọ̀ jáde. Àṣé ọkàn a máa ránṣẹ́! Ohun tó ń rán yìí ni wọ́n ń pè ní ANP.

Ìgbà wo ló ń rán an? Nígbà tí omi àti iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tí yàrá òkè ọkàn nà bí àpò tó kún. ANP á lọ bá kíndìnrín pé kó da iyọ̀ àti omi nù. Á sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó dẹ̀. Á tún sọ fún ọ̀rá pé kó yọ́, kí ara lè lò ó bí igi ìdáná.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìtọ̀ ṣúgà. Ínsúlínì ló ń ṣí ilẹ̀kùn ara fún ṣúgà, kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, pàápàá ní ikùn, ilẹ̀kùn náà kì í fẹ́ ṣí mọ́. Ọ̀rá kan náà a sì máa gbé ANP mì kó tó jíṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ANP fi sábà máa ń kéré lára ẹni tó sanra jù. Ní ìlú Malmö ní Sweden, àwọn oníwádìí wọn ANP àwọn tí kò ní àrùn náà, wọ́n sì tọ́pa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2012 wọ́n kéde pé àwọn tí ANP wọn kéré ni ìtọ̀ ṣúgà mú jù.

Èyí kò fi hàn pé ANP tó kéré nìkan ló ń fa àrùn náà o. Kò sì sí abẹ́rẹ́ ANP fún ìtọ̀ ṣúgà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò wá sí ọjà, tó ní oògùn ọkàn tó ń wo ṣúgà ni, ẹ má ra á. Ìrìn kíákíá a máa mú kí ANP pọ̀ sí i, kò sì ná yín ní fránkì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun zémídjan lọ sí ibi tí ojú rí, mo ń wò yín.

Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò yín wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á. Bí ẹ kò bá tíì jẹun láti alẹ́, tí nọ́ńbà náà kò tó 1,10, ó dára. Láti 1,10 dé 1,25, ewu ń bọ̀. Bí ó bá dé 1,26, wọn yóò tún un wò. Bí ó bá tún dé bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹ ṣọ́ra fún kọ́mà àárín rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ìyá aláàkàrà ti jinná. Ó ra ìwé kékeré kan tó ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí nígbàkigbà tó bá ti ilé ìwòsàn dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi ìka tọ́ka sí 1,18, ó ní, "Tíṣà, ẹ ka èyí, kí n wò ó bóyá ẹ mọ̀ ọ́n."