Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Lọ Ṣèwádìí Lókè Òkun



Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ lọ gboyè ọ̀mọ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ fún oyè ìwádìí, tàbí ẹni tí ìjọba ń sanwó fún, nìkan ló lè mú ìdílé dání. Ẹ wádìí èyí kí ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín n'Íléṣà. Owó ara yín tí ẹ máa fi hàn gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Owó tí ẹ yá lánàá kò wúlò níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò kí àìsàn tó dé. Ẹ ti sanwó ìlera mọ́ físà.

Èyí tó ká mi lára jù: ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kọ́ kì í já olùkọ́ lọ́rọ̀. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní kò mọ nǹkan kan. Àwọn Òṣómàáló baba wa kò kúkú dákẹ́ lórí gbèsè wọn nílẹ̀ onílẹ̀! Bí iṣẹ́ bá há, ẹ sọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí olùkọ́ yín, kó má baà di “mi ò sọ bẹ́ẹ̀” lọ́jọ́ iwájú.