Férémù Díróònù Láti Ọwọ́ Ara Wa

Ẹ̀rọ kan wà tí ó máa ń fò lókè níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà, tí ó ń ya àwòrán, tí kò sì sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Díróònù ni à ń pè é. Èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ní abẹ́bẹ̀ mẹ́rin. Egungun tí ó gbé àwọn abẹ́bẹ̀ náà dúró, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní férémù, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí bí díróònù bá já lulẹ̀, apá férémù lè ṣẹ́. Ẹni tí ó ra tirẹ̀ lè máa dúró de òmíràn láti Èkó; ẹni tí ó fi pákó ṣe tirẹ̀ lè gé apá tuntun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun àtijọ́ ni. Ní ọdún 1907, ní ilẹ̀ Faransé, Louis Breguet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ẹ̀rọ ńlá kan tí ó ní apá mẹ́rin. Ó gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́rin ni ó ń di apá rẹ̀ mú kí ó má baà dojú dé. Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ àwọn ọkùnrin náà. Bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, kò lè ṣe é dáadáa bí férémù bá ń gbọ̀n.

Kí ẹ tó gé pákó, ẹ mọ bí abẹ́bẹ̀ yín ti gùn tó. Ká ní íǹṣì 10 ni, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 25.4. Apá mẹ́rin náà yóò dà bí lẹ́tà X tí ó dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 láti ìdí abẹ́bẹ̀ kan dé ìdí èyí tí ó kọjú sí i, ẹ fi 1.414 pín 45: ẹ ó rí 31.8, òun ni àlàfo ìdí abẹ́bẹ̀ méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ yọ 25.4 kúrò, ó ku 6.4. Abẹ́bẹ̀ kò ní gbá ara wọn. (Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì ìṣirò, ẹ bi tíṣà yín léèrè ibi tí 1.414 ti wá.)

Ẹ mú rúlà yín wàyí. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹlẹbẹ, kí ẹ tẹ orí rẹ̀: ó tẹ̀. Ẹ wá gbé e dúró lórí etí rẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́: kò mira. Bí ẹ bá sọ fífẹ̀ pákó di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí gíga rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹ gbé pákó apá dúró lórí etí. Èrè kejì wà níbẹ̀: etí tóóró kì í dí afẹ́fẹ́ tí abẹ́bẹ̀ ń fẹ́ sísàlẹ̀ lọ́wọ́ bí pákó pẹlẹbẹ ti ń dí i.

Ní ti igi, ẹ fi ìrókò sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Arère fúyẹ́, káfíńtà yóò sì rí i bá yín. Ẹ kùn ún ní fáníìṣì, kí òjò má baà wú u, kí ọyẹ́ má sì là á. Férémù oníke kan tí ilé-iṣẹ́ DJI ti Ṣáínà ta, F450, wọn gíráàmù 282. Ẹ gbìyànjú kí tiyín má ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ó yẹ kí agbára abẹ́bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gbé ìlọ́po méjì ìwúwo gbogbo ẹrù náà.

Fífò rẹ̀ gba àṣẹ. Láti ọdún 2016 ni àjọ NCAA ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀dàn wa gbalẹ̀ kò sí ẹni tí yóò rí i. Ibodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ẹ̀ kò jìnnà sí Ṣakí, ohun àìmọ̀ tí ń fò níbẹ̀ sì lè kó yín sí ìjàngbọ̀n.

Títí ìwé àṣẹ yóò fi dé, ẹ dán férémù wò nílé. Ẹ so ẹ̀rọ àti bátìrì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi abẹ́bẹ̀ sí i. Ẹ wá òwú líle, irú èyí tí a fi ń hun òfì ní Ìṣẹ́yìn, kí ẹ fi fà á rọ̀ láti àárín gbùngbùn. Bí apá kan bá rẹlẹ̀, ẹ má ṣe so òkúta mọ́ apá kejì. Bátìrì ni kí ẹ sún díẹ̀díẹ̀ títí férémù yóò fi rọ̀ ní ìbú gbọọrọ.