Abẹ́rẹ́ Oṣù Kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọlọ́mọ! Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni káàdì àjẹsára ọmọ yín wà?

A máa ń sáré lọ gba ti ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, a gba ti èèyi àti ti ibà pọ́njú, a ká káàdì sílẹ̀, ó parí. Kò tíì parí o! Èèyi ní abẹ́rẹ́ kejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, òun gan-an la sì ń gbàgbé: ọmọ ti ń rìn, ìyá ti padà sọ́jà.

Kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀kan ò tó? Ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún lè má tíì tán ní oṣù kẹsàn-án, ó sì lè dí abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́. Nínú ọmọ 100, nǹkan bí 85 ni ti àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Torí àwọn tó kù ni ìkejì ṣe wà.

Bí ara ọmọ bá gbóná díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fòyà. Èèyi fúnra rẹ̀ ló lè fọ́ ọmọ lójú. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà ní ibùdó ìlera ìjọba. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì gbé ọmọ lọ. Nọ́ọ̀sì lè jágbe mọ́ yín díẹ̀, àmọ́ yóò gún un.