Ta Ló Ní Kí Àwọn Ọmọ Dijú? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Àdúrà Àpapọ̀ níbi Eré Bọ́ọ̀lù Iléèwé



Kí a tó bẹ̀rẹ̀ lónìí, pásítọ̀ kan gbàdúrà, lèmọ́mù kan sì gbàdúrà tẹ̀lé e. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́, ó lè dìde kó jáde nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè, kò sì ní pàdánù nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, Bremerton ni wọ́n ń pè é. Omi ló pín in níyà sí Seattle, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ní 2008, iléèwé girama ìjọba tó wà níbẹ̀ gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Kennedy gẹ́gẹ́ bí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré ni, tí wọ́n máa ń dé akoto kí wọ́n tó wọ pápá. Fíìmù kan tí Kennedy wò ló mú un jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run pé lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ pé àwọn borí tàbí wọ́n fìdí rẹmi, òun yóò kúnlẹ̀ ní gbùngbùn pápá láti dúpẹ́. Òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn eré mélòó kan, àwọn ọmọ bi í bóyá àwọn lè dara pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú ikọ̀ rẹ̀ ti ń yí i ká, àwọn ọmọ ikọ̀ kejì pàápàá a máa wá nígbà mìíràn, ọkùnrin náà á gbé akoto sókè, á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ ìyànjú tí àdúrà wà nínú rẹ̀.

Ọdún méje ni èyí fi lọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ tó kọ lẹ́tà sí i ní oṣù Kẹsàn-án 2015. Wọ́n ní kó má ṣe é mọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn lè fún un ní ibi kọ́lọ́fín tó ti lè gbàdúrà. Ó gba lọ́yà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, bí eré ṣe parí, èrò rọ́ wọ pápá láti kúnlẹ̀ tì í, wọ́n sì bi àwọn ọmọ tó ń fun fèrè fún iléèwé lulẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ kò dúró. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì ń ti ilé-ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé èyí tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí adájọ́ mẹ́fà ti dá a láre, tí mẹ́ta sì takò ó, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2022. Ní 2023 ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó kópa nínú eré kan ṣoṣo, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Owó lọ́yà rẹ̀ tí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìlú náà san lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là.

Adájọ́ Neil Gorsuch ló kọ ìdájọ́ náà. Ó ní àdúrà jẹ́jẹ́ tí ẹnì kan ń gbà fúnra rẹ̀ ni, òfin kò sì lè fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà. Adájọ́ Sonia Sotomayor, tó wà lára àwọn mẹ́ta, fi fọ́tò sínú ohun tí òun kọ, kí ẹni tó bá ń kà á lè fi ojú ara rẹ̀ rí èrò tó yí ọkùnrin tó kúnlẹ̀ náà ká. Ọ̀rọ̀ òbí kan wà nínú ìwé ẹjọ́ yìí tí n kì í lè kà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Òbí náà sọ fún àwọn aláṣẹ pé ọmọ òun kò gbà pé Ọlọ́run wà, síbẹ̀ ó ń bá wọn lọ́wọ́ sí àdúrà náà, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí òun kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù tó bí òun ṣe fẹ́.

Èmi náà mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, mo wà nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù iléèwé wa. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iléèwé náà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni, orúkọ ìjọ ṣì wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà. Kí a tó wọ pápá, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù á kó wa jọ sẹ́yìn ojú ilé. A ó di ara wa lọ́wọ́ mú, a ó dijú, òun á gbàdúrà títí yóò fi kan orúkọ Jésù, àwa á sì ké Àmín tí ará ọjà yóò gbọ́. Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí. Àdúrà yẹn a máa mú ara mi yá gágá. Ọmọ alfa kan wà láàárín wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù lápá òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo wa lọ. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí koríko, ó ń so okùn bàtà rẹ̀ nígbà tí a ń gbàdúrà. Okùn tó ti so tẹ́lẹ̀ ló tún ń tú so. Olùkọ́ wa kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó ka orúkọ àwọn mọ́kànlá tí yóò wọ pápá, orúkọ ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Nínú eré tó tẹ̀lé e, òun ló kọ́kọ́ dijú.

N kò sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó sọ̀rọ̀. Mo ti fẹ́yàwó, mo ti bímọ, kí n tó bá a pàdé níbi ìsìnkú ìyá ẹlẹgbẹ́ wa kan, tí mo sì bi í léèrè. Ó ní Fátíà lòun máa ń kà sínú nígbà tí a bá dijú, pé òun a máa sáré kà á kó lè parí kí Àmín wa tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà.

Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ wa má tilẹ̀ ro ọ̀rọ̀ àdúrà mọ́ ọn nígbà tó ń yan ikọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun mìíràn lè wà tó rí tí àwa kò rí. Ọmọ náà kò ní bí yóò ṣe mọ̀, àwa náà kò ní bí a ó ṣe mọ̀. Ẹni tó ní bírò tí wọ́n fi ń kọ orúkọ mọ́kànlá lọ́wọ́, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó, bó bá ti ní ẹ jẹ́ ká dijú, àṣẹ ló pa. Kò lè bọ́ ipò yẹn sílẹ̀ bí ẹni bọ́ fìlà kó tó kúnlẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Bremerton, nígbà tí Kennedy kò sí lórí pápá mọ́, wọn kò rí àwọn ọmọ náà kí wọ́n máa kúnlẹ̀ fúnra wọn. Bó bá jẹ́ pé tiwọn ni àdúrà yẹn lóòótọ́, kí ló dé tó fi tán nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo kúrò láàárín wọn? Ẹ̀jẹ́ tí ọkùnrin náà jẹ́, mo gbà pé tọkàntọkàn ló fi jẹ́ ẹ. Ká ní ó dúró dìgbà tí pápá dá, tó kúnlẹ̀ níbẹ̀ lóun nìkan, ǹ bá wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ṣùgbọ́n lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ Sotomayor ni mo wà.

Ẹlòmíràn á ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn dìbò bóyá wọ́n fẹ́ àdúrà. Wọ́n dán ìyẹn wò ní ìlú Santa Fe, ní ìpínlẹ̀ Texas. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń gbàdúrà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dé, iléèwé ní ìbò làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fi pinnu. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 2000, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kan náà fagi lé e, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Àwọn wo ló pẹjọ́? Ìdílé méjì ni, ọ̀kan jẹ́ Kátólíìkì, èkejì jẹ́ ọmọ ìjọ Mormon. Onígbàgbọ́ ni wọ́n ka ara wọn sí, àmọ́ àdúrà ìlú náà kì í ṣe irú tiwọn, ẹ̀rù ohun tí wọ́n lè fojú rí lọ́wọ́ ará ìlú sì mú kí ilé-ẹjọ́ gbà wọ́n láyè láti fi orúkọ pa mọ́. Ìbò a máa sọ fún wa ohun tí ọ̀pọ̀ fẹ́. Ọmọ kan tó dá dúró, kò sí ohun tí ìbò lè ṣe fún un.

Tiwa ńkọ́? Apá 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti dá sí i. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí ibi ẹ̀kọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú un wọ inú ìjọsìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Iléèwé tí ẹlẹ́sìn ń fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀ láti òkè délẹ̀, òfin fún ìyẹn láyè láti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn rẹ̀, n kò sì bá wọn jà. Iléèwé ìjọba ni mo ń sọ. Pápá ìṣeré rẹ̀ jẹ́ ara iléèwé, bí kíláàsì ṣe jẹ́.

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí nínú gbọ̀ngàn yìí, mo rí yín. Ẹ ń sọ lọ́kàn yín pé Yorùbá kì í ṣe Amẹ́ríkà, pé àwa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn jà. Òótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, àdúrà, ẹnu Lárúbáwá ló ti wá. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu ará ìlú ni wọ́n lò: wọ́n mú àdúrà, wọ́n mú àlùfáà. Títí dòní, ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí gbé wá ni Kìrìsìtẹ́nì Yorùbá fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìwúre sì ti wà nílẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó dé. Àmín tí alfa ń ṣe ni pásítọ̀ ń ṣe. Orúkọ tó ṣáájú Àmín ni ọmọ tó jókòó sórí koríko kò lè fi ẹnu sí.

Ọgbọ́n tí a sábà máa ń ta ni pé kí ẹlẹ́sìn kan fi àdúrà ṣí eré, kí èkejì fi tirẹ̀ parí rẹ̀. Ó bójú mu níbi ìsọmọlórúkọ, ó bójú mu níbi tí a jókòó sí yìí. Lórí pápá iléèwé, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: nínú gbogbo eré tí a ti wò, ìgbà wo ni wọ́n pe ọmọ oníṣẹ̀ṣe jáde pé kó wúre, kí gbogbo ikọ̀ sì dáhùn pé Àṣẹ?

Ohun kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ yìí mọ̀ pé ẹ̀rù wà nínú àdúrà orí pápá. Wọ́n á ní àwọn ará iléèwé kejì ti ri nǹkan mọ́ ẹ̀yìn ojú ilé, pé agbábọ́ọ̀lù tó bá kọ́kọ́ tẹ ìlà funfun á rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àdúrà á di ogun: kí ọ̀tá má rí wa gbé ṣe, kí ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ padà sórí wọn. Ta ni ọ̀tá? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá láti iléèwé òdìkejì títì, tí ìyá rẹ̀ ń ta ata lọ́jà kan náà pẹ̀lú ìyá wa. Mo ti gbọ́ àdúrà báyìí lẹ́nu àgbàlagbà níwájú àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì bà mí nínú jẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹjọ́ tilé wa kan tún wà tí wọ́n lè fi takò mí: ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ìdájọ́ Kennedy ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ híjáàbù àwọn iléèwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022. Adájọ́ márùn-ún ní kí ọmọbìnrin tó bá fẹ́ máa lò ó, adájọ́ méjì kò gbà. Àwọn kan rò pé bí mo ṣe fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, ó yẹ kí n fara mọ́ ti Kennedy náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó bo orí, orí ara rẹ̀ ló bò. Kò sí ọmọ mìíràn tí yóò pàdánù jẹ́sì nítorí pé kò bo tirẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ máa gbàdúrà. Bí mẹ́ta nínú wọn bá fẹ́ di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n dì í; bí ọ̀kan bá fẹ́ fi iwájú orí kan ilẹ̀ lẹ́yìn tó jẹ góòlù, kí ẹnikẹ́ni má dí i lọ́wọ́. Bí ọmọ kan bá ṣubú tí kò dìde, ẹ ó rí i pé ikọ̀ méjèèjì á dákẹ́, ọ̀pọ̀ ètè á sì máa mì, láìsí àgbàlagbà kan tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àdúrà nìyẹn, ó sì yẹ pápá ìṣeré.

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin ni mo dìídì wá bá. Ní ìdíje tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn mọ́kànlá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti mọ ipò tirẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ bá padà dé, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣe.