Àwọn Ọ̀nà Tí Ó Pa Rọ́rọ́: Kẹ̀kẹ́ Gígùn Láti Ọjà Olúwo Lọ Sí Ilẹ̀ Òkè

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa)

Àwọn tí ó ṣáájú wa lórí pẹpẹ yìí ti sọ̀rọ̀ nípa iná, nípa omi àti ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ ọ́ kúnná. Àwa olùkọ́ ni ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ tiwa, kẹ̀kẹ́ ológeere ni a sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti àwọn ọ̀nà ìgbèríko tí kẹ̀kẹ́ ń gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó jọ̀wọ́ rín in tán, kí ó tó máa gbọ́ wa lọ.

Ẹni tí ó bá dúró sí etí ọ̀sà ní Ọjà Olúwo ní òwúrọ̀, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ nínú ìlú ni ó dúró sí. Ibi yòówù tí ó bá fẹ́ lọ láti ibẹ̀, àfi bí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, òkè ni yóò gùn. Kì í ṣe lásán ni a fi ń pe àdúgbò kan ní Òkè-Balógun, tí a sì ń pe òmíràn ní Òkè-Póṣù. Bí ó bá jáde ìlú, tí ó kọjú sí ìhà Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ yóò máa ga díẹ̀díẹ̀, yóò tún tẹ̀ wọ àfonífojì odò, yóò sì tún ga. Ẹni tí ó wà nínú mọ́tò kì í mọ èyí. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n, itan rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Òkè tiwa kì í ṣe àpáta bí ti Ìdànrè. Kò sì ga bí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ọ̀nà Iléṣà sí Adó-Èkìtì gbà kọjá. Òkè pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó gùn, ẹni tí ó bá sì fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀ yóò mí hẹlẹ.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà àná. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, ìlú wa ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá fi ṣe ibùgbé. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò kan ní Èkó fi ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní, nítorí àwọn tí ó padà láti ọ̀dọ̀ wa ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ní oṣù Karùn-ún 1892, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n lọ bá Ìjẹ̀bú jà; wọ́n gba ilẹ̀ òkè yìí kan náà dé Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣáájú ogun àti lẹ́yìn ogun, ẹsẹ̀ àwọn alárùú ni ó tẹ ọ̀nà náà mọ́lẹ̀, àwọn tí ó ń ru ẹja lọ sókè, tí wọ́n ń ru epo àti èkùrọ́ bọ̀ wá sí etí omi, ní ọjà wa àti ní ọjà Èjìnrìn tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà.

Ẹ̀yìn èyí ni kẹ̀kẹ́ dé. Ní 1885 ni John Kemp Starley ní ìlú Coventry gbé irú kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí jáde, èyí tí séènì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀yìn. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop ní Belfast gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní ayé àwọn bàbá wa, Raleigh àti Hercules kì í ṣe orúkọ àjèjì ní abúlé kankan: olùkọ́ ń gùn ún, wolé-wolé ń gùn ún, oníwàásù ń gùn ún, ẹni tí ń ra èkùrọ́ sì ń di ẹrù sẹ́yìn tirẹ̀ títí ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò fi ní rí orí rẹ̀. Nígbà tí àwa náà jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n sì gbé wa lọ sí ilé ìwé abúlé, kẹ̀kẹ́ ni a fi ń lọ tí a fi ń bọ̀.

Àwọn ọ̀nà tí a ń wí kì í ṣe ọ̀nà ọlọ́dà ńlá. Àwọn ọ̀nà kéékèèké ni, tí ó já Pókà, Noforíjà, Odóràgúnṣin, Ìlárá àti Erédò pọ̀ mọ́ra wọn, àti àwọn tí ó yà lọ sí ìhà Èjìnrìn àti Ìkòsì. Ilẹ̀ pupa ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pẹ wà lápá ọ̀tún, oko ẹ̀gẹ́ wà lápá òsì, òórùn gààrí tí wọ́n ń yan yóò sì ti pàdé ènìyàn kí ó tó rí abúlé. Ní òwúrọ̀, ènìyàn lè gùn fún wákàtí kan kí mọ́tò méjì tó kọjá. Ìkíni ni ó pọ̀ níbẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ kò bá ní aago, “Ẹ kú iṣẹ́ o” ni aago rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa bí a ti ń gùn ún, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà níhìn-ín. A kì í fi ipá bẹ̀rẹ̀ òkè. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní gíà, kí a ti yí i sí èyí tí ó fúyẹ́ kí a tó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí kò bá ní, kí a sọ̀kalẹ̀ kí a tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ òkè ni ewu wà. Bíréèkì méjèèjì ni a ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fún ti iwájú nìkan lójijì, orí ni yóò fi balẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, rọ́bà bíréèkì kì í tètè di irin tí ó tutù mú, ilẹ̀ pupa á sì máa yọ̀ bí ilá, nítorí náà kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí fún un kí a tó dé kọ́nà. Nígbà ọyẹ́, yangí wẹ́wẹ́ tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà ni ọ̀tá. Pọ́ǹpù, túùbù kan àti omi kò gbọdọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, nítorí fọkanáísà kò sí ní gbogbo abúlé. A ti rí ọmọkùnrin kan tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní gíà mọ́kànlélógún, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ti ń lẹ túùbù. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn délé.

Àǹfààní mìíràn wà. Kẹ̀kẹ́ ni a fi ń rí Erédò Súngbọ́ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ lè má mọ̀ pé odi ilẹ̀ àti yàrà ńlá yìí, tí ìtàn wa so mọ́ orúkọ Bílíkísù Súngbọ́, gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, àti pé ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí 20 mítà. Ọ̀mọ̀wé Patrick Darling láti Yunifásítì Bournemouth wọ̀n ọ́n, ní 1999 ni ìròyìn rẹ̀ sì kàn ká ayé. Mọ́tò yóò sáré kọjá níbi tí ọ̀nà ti gé e, kò ní mọ ohun tí ó kọjá. Kẹ̀kẹ́ ń rọra, òjìji igi inú yàrà yóò bọ́ lé ènìyàn lára, ara rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀nà ńlá ti dé, inú wa sì dùn sí i. Ní oṣù Kìíní 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe. Ní 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kí àti ilé ìfọpo ní Ìbejú-Lẹ́kí. Iṣẹ́ ń bọ̀, owó ń bọ̀, ọkọ̀ àjàgbé náà sì ń bọ̀. Ọmọ tí ó gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ epo lójú ọ̀nà ńlá, atẹ́gùn ọkọ̀ náà nìkan tó láti gbé e ṣubú. Bí ọ̀nà kékeré bá wà, kò ní í ṣe ohunkóhun lójú ọ̀nà ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kékeré ń parẹ́. A ń ta ilẹ̀, àwọn awọnlẹ̀ ń ri òpó, odi búlọ́ọ̀kù sì ń dìde. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí àwa ń gbà lọ sí ilé ìwé, gééètì irin ni ó wà lórí rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ sì ń yí gba títì. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ kò ṣẹ̀. Àwa tí a tà á ni ó yẹ kí a ti sọ fún un pé ọ̀nà wà níbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ohun tálákà ni kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Rùwáńdà, ilẹ̀ tí òkè kún. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Kigali ni gbogbo ayé kó kẹ̀kẹ́ wọn lọ fún ìdíje àgbáyé ti ojú ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Nàìjíríà tiwa, Ese Ukpeseraye lọ sí Olympics ní Paris ní 2024, àwọn ará Jámánì ni ó yá a ní kẹ̀kẹ́ tí ó fi díje nínú pápá. Ọmọbìnrin ni. Kí àwọn òbí tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ gbọ́ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn kan. Òfin ìrìnnà tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 2000 fún àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ní agbára láti ya ọ̀nà ìgbèríko sọ́tọ̀ ní ọ̀nà ìdákẹ́rọ́rọ́, kí ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́ṣin lè lò ó láìfòyà. Ẹ bá wa wo bí wọ́n ti ń kọ ìwé rẹ̀ àti irú pátákó tí wọ́n ń rì, kí a lè gbé irú rẹ̀ lọ sí iwájú ìjọba ìbílẹ̀ wa. Èyí wúlò fún wa ju kí ẹ kó kẹ̀kẹ́ àlòkù ránṣẹ́, bí a tilẹ̀ ní í kọ̀ ọ́.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ ni pé kí a tó ta ilẹ̀ mìíràn, kí a kọ orúkọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí sílẹ̀. Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé lónìí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ sọ fún un ọ̀nà tí ẹ mọ̀, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó já sí, odò tí ó kọjá, àti ibi tí wọ́n ti dí i. Àwa olùkọ́ yóò mú kẹ̀kẹ́ wa, a ó sì gùn ún lọ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọjọ́ Sátidé, bẹ̀rẹ̀ láti ti Noforíjà.