Ogún Ilé: Gbígbà Tàbí Kíkọ̀?



Ìbéèrè kan ń dé ọ̀dọ̀ wa láti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: bí ilé bàbá bá kan ọmọ tó ti tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, ṣé kí ó gbà á ni, àbí kí ó kọ̀ ọ́?

Bàbá tó papòdà láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ni ilé rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Alágbàtọ́ ni Dáwódù. Kò lè dá a tà. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ ogún kan láti Èkó pé ìdí-igi ni àṣà pípín. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí aáwọ̀ bá dé, bí olórí ẹbí bá rí i pé ó yẹ.

Nítorí náà, ẹni tó kọ ogún, ìpín tirẹ̀ nìkan ló kọ̀. Kò lè bá àbúrò kọ̀ ọ́, kò sì lè bá òkú tó sùn sínú ilé kọ̀ ọ́. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó pe ẹbí jọ, kí ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé àti ojúbọ. Ìdákẹ́ ló ń wó ilé: òjò a wọ àjà, ajagungbalẹ̀ a wọ àgbàlá.

Kí a bi Ifá, kí a bi ẹbí, kí a sì bi àpò wa. Ilé baba wa kò ní dahoro. Àṣẹ.