Ta Ni Yóò Bá Wọn San Owó Adójútòfò?

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà. Awakọ̀ takisí tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ra adójútòfò ìlera, lábẹ́ òfin tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní 2010. Ní 2021, ìjọba fi kún ìrànwọ́ owó tó ń rí gbà láti fi san án, ara tu ú. Àmọ́ ìparí 2025 ni wọ́n padà fi ṣe gbèdéke àfikún náà. Ìjà lórí rẹ̀ ló mú kí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ wà ní títì fún ọjọ́ 43 lọ́dún náà.

Àwọn kan ní dípò ìrànwọ́ yìí, iye tí ilé ìwòsàn ń gbà gan-an ló yẹ ká dín kù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, tí ìgò ínsúlíìnì rẹ̀ ti ń gbẹ nínú fìríìjì, kò lè dúró de àtúnṣe yẹn.